Aró Lára Ẹja: Ìtàn Àwọ̀ Àtọwọ́dá Nínú Òwò Ẹja Ẹ̀ṣọ́

Ẹja ẹ̀ṣọ́ ni ẹja tí a ń sìn nítorí ẹwà, tí a kì í sìn fún jíjẹ. Inú àpótí gíláàsì ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí, nínú pálọ̀, ní òtẹ́ẹ̀lì, tàbí níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà. Àwọ̀ ara rẹ̀ ló ń pa owó. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣòwò kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn fún ẹja ní àwọ̀ tí a kò dá mọ́ ọn, ní ìparí ọ̀rúndún ogún. Wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ aró, wọ́n ń rì í sínú aró, wọ́n sì ń kọ nǹkan sí i lára. Ohun tí ìtàn òwò yìí fi hàn ni pé ìyà gbáà ni fún ẹja, àti pé àwọn tó kọ̀ láti rà á ni wọ́n kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ọlọ́pàá.

Ìpetumodù àti ilẹ̀ tó mọ àwọ̀ í lò

Kí a tó padà sórí ẹja, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ kan tí àwọ̀ lílò kò ṣàjèjì sí. Ìpetumodù ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ifẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mọ̀rọ̀, Ẹdúnàbọ̀n àti Yákọ̀ọ́yọ̀ ni aládùúgbò rẹ̀. Ìkòkò mímọ ló sọ ìlú náà di olókìkí. Àwọn obìnrin ló ń ṣe é: ìkòkò ọbẹ̀, ìṣaasùn, àmù omi àti ìkòkò àgbo, iṣẹ́ tí ìyá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n á wa amọ̀, wọ́n á gún un, wọ́n á fi ẹsẹ̀ pò ó. Ọwọ́ ni wọ́n á fi mọ ọ́n, wọn kì í lo ẹ̀rọ tó ń yí. Wọ́n á sá a títí yóò fi gbẹ, kí wọ́n tó kó o jọ fún sísun. Iná àti èéfín ló ń fún un ní pupa tàbí dúdú rẹ̀.

Kò síbi tí a yà sí ní agbègbè náà tí a kò ní bá ọgbọ́n àwọ̀ pàdé. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ẹ̀rí pé àwọn baba ńlá wa ń ṣe gíláàsì fúnra wọn, nǹkan bí ọ̀rúndún 11 sí 15. Abidemi Babatunde Babalola tẹ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 2017. Ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 ni wọ́n rí níbẹ̀, èròjà inú ilẹ̀ bíi cobalt ló sì sọ àwọn kan di búlúù. Ní Òṣogbo, àwọn aláró ń po ewé elú àti omi eérú nínú ìkòkò aró, wọ́n sì ń rẹ àdìrẹ sí i. Ìyá Mọ̀pó ni àwọn àgbà ń pè ní ìyá ààbò fún àwọn obìnrin amọ̀kòkò àti aláró.

Amọ̀, gíláàsì àti òwú ni àwọn wọ̀nyí ń kùn. Amọ̀ kì í jà lọ́wọ́ ẹni tó ń mọ ọ́n, aṣọ kì í sì í ṣàìsàn lẹ́yìn tí a bá rẹ ẹ́ láró tán. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ẹja ti yàtọ̀ pátápátá. Ilẹ̀ yìí kan náà ló sì tún mọ bí a ṣe ń fi ẹja sílẹ̀ ní àlàáfíà. Ní Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo, tí UNESCO fi kún àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2005, a kì í pẹja, a kì í sì í dọdẹ. Ìránṣẹ́ Ọ̀ṣun ni wọ́n ka ẹja odò náà sí.

Bí ẹja ṣe dé inú gíláàsì

Àwọn ará Ṣáínà ló kọ́kọ́ sọ ẹja sísìn fún ẹwà di iṣẹ́ ọnà. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń yan ẹja tó pọ́n bíi wúrà láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń mú wọn gun ara wọn, títí tí ìran rẹ̀ fi di goldfish tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1853 ni ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù ṣí ilé ẹja tí àwọn ènìyàn lè rọ́ lọ wò. Philip Henry Gosse, ẹni tó ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí rẹ̀, tẹ ìwé *The Aquarium* jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni àpótí ẹja ti wọ ilé àwọn ènìyàn káàkiri ayé.

Fífi ìran yan àwọ̀ gba sùúrù. Ẹni tó bá fẹ́ ẹja pupa yóò dúró de ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àtọmọdọ́mọ. Òun náà ní àléébù tirẹ̀: àwọn goldfish kan wà tí wọ́n ti yan ìran wọn títí ojú wọn fi yọ síta bí àpò omi, tí wọn kò lè ríran dáadáa mọ́. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó fi ohun èlò gún ẹja náà. Nígbà tí òwò di ti ọkọ̀ òfuurufú, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹja ń ti Éṣíà lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn kan kò lè ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ mọ́.

Abẹ́rẹ́ aró

Ẹja tí òwò yìí sọ di olókìkí ni glassfish, *Parambassis ranga*. Francis Hamilton ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ọdún 1822, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn ẹja odò Ganges. Odò àti àbàtà ilẹ̀ Íńdíà, Bangladesh àti Myanmar ni ilé rẹ̀. Ẹja kékeré ni, tí kò sábà gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ara rẹ̀ mọ́ gaara, débi pé ẹni tó bá gbé ojú súnmọ́ gíláàsì yóò rí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ láti orí dé ìrù, yóò sì rí àpò kékeré tí àwọn ìfun rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹwà tirẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lójú oníṣòwò, ẹja tí kò ní àwọ̀ kò lè dá ẹni tó ń kọjá dúró.

Bí wọ́n ṣe ń kùn ún nìyí. Òṣìṣẹ́ á gbé ẹja náà kúrò nínú omi, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á sì ti abẹ́rẹ́ ìṣègùn bọ abẹ́ awọ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí kò ju ẹ̀gún lọ lára ènìyàn jẹ́ ohun gbàǹgbà lára ẹja tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Á ti aró wọlé, á yọ abẹ́rẹ́, á tún gún un níbòmíràn: lẹ́yìn, ní ikùn, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, títí tí ìlà aró yóò fi yí ara rẹ̀ ká. Aró tó ń tàn lábẹ́ iná ni wọ́n ń lò: pupa, àwọ̀ ewé, búlúù, àwọ̀ ọsàn. Kò sí oògùn tó ń dín ìrora kù nínú iṣẹ́ náà, nítorí pé púpọ̀ ni ẹja tí òṣìṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ gún lójúmọ́.

Ojú ihò abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún àrùn. Bí abẹ́rẹ́ kan náà bá sì ti ara ẹja kan bọ́ sí ara òmíràn, ohun tó ń ṣe ọ̀kan yóò ṣe gbogbo wọn. Àwọn tó yè é ni a ń rí ní ọjà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, aró náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, ẹni tó rà á yóò sì rí i pé àwọ̀ tí òun sanwó fún ti ń lọ. Nípa báyìí, ẹja jìyà, oníbàárà sì pàdánù. Ní Nàìjíríà a mọ irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ láti inú epo pupa: NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra nípa àwọn tó ń da aró ilé iṣẹ́ sínú epo kí ó lè pọ́n jù bó ṣe yẹ.

Àwọn ọ̀nà mìíràn

Abẹ́rẹ́ nìkan kọ́ ni ọgbọ́n wọn. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n ri ẹja sínú omi kẹ́míkà tó le, tí yóò bó ikun yíyọ̀ tó wà lára rẹ̀ kúrò. Ikun yìí ni ààbò àkọ́kọ́ tí ẹja ní sí àrùn. Bí wọ́n bá ti bó o tán, wọ́n á ri ẹja náà sínú aró, wọ́n á sì tún fi kẹ́míkà mìíràn ta á lára kí ikun tuntun lè yára yọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní tetra funfun nìyẹn, tí wọ́n á fi orúkọ èso dídùn bíi strawberry àti blueberry tà á.

Ọ̀nà kẹta ni hòmóònù. Àwọn kan ń fún ọmọ ẹja ní hòmóònù akọ kí àwọ̀ àgbà lè yọ lára rẹ̀ kí ó tó dàgbà. Ọ̀nà kẹrin ni fínfín ara. Ẹja blood parrot, tí wọ́n mú jáde nípa àdàlù ìran ní Taiwan ní àwọn ọdún 1980, ni wọ́n sábà máa ń ṣe báyìí. Ẹnu ẹja náà kò ṣe é pa dé dáadáa láti ilẹ̀, wọ́n sì tún ń fi iná lésà kọ ọ̀rọ̀ àti àwòrán sí i lára.

Ó yẹ kí a ya àwọn nǹkan kan sọ́tọ̀ kí ẹjọ́ wa má bàa ṣègbè. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà máa ń fi àmì aláwọ̀ sábẹ́ awọ ẹja kí wọ́n lè dá a mọ̀ nínú ìwádìí. Àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn kùn ún lóorun, àmì náà kì í ju bíńtín lọ, ìdí gidi sì wà fún un. Oúnjẹ aláwọ̀ náà yàtọ̀. Ẹja kò lè dá èròjà carotenoid, tó ń mú ara pọ́n, sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú oúnjẹ ló ti ń rí i, bíi edé, àwọn ewéko inú omi, àti èròjà kan náà tó wà nínú kárọ́ọ̀tì àti epo pupa wa. Ẹni tó bá fún ẹja ní irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, àwọ̀ tí ẹja ti ní lábẹ́ ara ló ń jẹ́ kó yọ jáde.

Ìpolongo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àtakò tó lágbára ti kọ́kọ́ jáde. Ní àwọn ọdún 1990, ìwé ìròyìn àwọn olùsìn ẹja, *Practical Fishkeeping*, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo sí ẹja tí a fi aró kùn. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Stan McMahon àti Peter Burgess, yẹ glassfish wò ní àwọn ilé ìtajà ní agbègbè Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n rí i pé ó lé ní 40 nínú 100 àwọn tí wọ́n gún ní aró tó ní àmì lymphocystis, àrùn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, tó ń mú kókó yọ sí ara àti lẹ́bẹ́ ẹja. Nínú àwọn tí wọn kò gún, nǹkan bí 10 nínú 100 péré ni.

Ìwádìí yìí sọ ọ̀rọ̀ di ohun tí a lè fojú rí. Ìwé ìròyìn náà rọ àwọn ilé ìtajà láti ṣèlérí pé wọn kò ní ta ẹja aláró mọ́, ọ̀pọ̀ sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn òǹkàwé náà kọ̀ láti ná owó wọn níbi tí wọ́n bá ti rí i. Kò tíì sí òfin kan tó dárúkọ ẹja aláró nígbà náà. Ọjà tí kò bá ní oníbàárà ni ẹlẹ́rù ń gbé padà sílé.

Níbẹ̀, òfin wá lẹ́yìn. Òfin ìtọ́jú ẹranko tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 2006, tó kan gbogbo ẹranko eléegun ẹ̀yìn tó wà lábẹ́ ìkáwọ́ ènìyàn, títí kan ẹja, sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a ba ẹran ara ẹranko tó ń mọ nǹkan lára jẹ́ láìjẹ́ pé ìtọ́jú ìṣègùn ni. Ní Amẹ́ríkà, Ìpínlẹ̀ Florida ti fòfin de rírẹ àwọn ẹranko láró láti ọdún 1967, nítorí àwọn ọmọ adìyẹ tí wọ́n ń kùn fún ọdún Àjíǹde. Wọ́n fagi lé òfin náà ní ọdún 2012. Èyí kọ́ wa pé òfin lè wá, ó sì lè lọ. Bí ọkàn àwọn ènìyàn kò bá sí lẹ́yìn rẹ̀, kì í wà títí.

Ṣé ẹja ń mọ ìrora?

Ìbéèrè yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo àríyànjiyàn. Ní ọdún 2003, Lynne Sneddon, Victoria Braithwaite àti Michael Gentle tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹja trout. Wọ́n rí iṣan ìmọ̀lára ní ojú ẹja náà, irú èyí tó ń gbé ìròyìn ọgbẹ́ àti iná lọ sínú ọpọlọ. Nígbà tí wọ́n fi oró oyin tàbí omi kíkan sí ètè rẹ̀, ẹja náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi jìgìjìgì. Àwọn tí omi kíkan kàn ń fi ètè ha òkúta wẹ́wẹ́, wọn kò sì jẹun bọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ kan, bíi James Rose àti Brian Key, kò gbà pé ìrora gidi ni èyí, nítorí pé ọpọlọ ẹja kò rí bíi tiwa.

Bí ẹja bá tiẹ̀ wà ní ibi iyèméjì lójú ẹnì kan, ẹni tó fẹ́ gún un ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá, kì í ṣe ẹja. Àwọn àgbà ní kí ẹni tó fẹ́ fi igi ṣóṣóró gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Àwọn kan á ní ṣebí a ń pa ẹja jẹ. Òótọ́ ni, ebi ni a sì ń fi í pa. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ikú náà falẹ̀. Ẹja tí a gún ní aró wà láàyè pẹ̀lú ọgbẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ebi ń pa tí abẹ́rẹ́ náà mú yó. Ìwé Òwe orí 12 yin olódodo tó ń ro ti ẹran ọ̀sìn rẹ̀, hádíìsì Ànábì sì kọ fífi iná sàmì sójú ẹranko. Ìjọ àti mọ́ṣáláṣí kò yàtọ̀ síra lórí èyí.

Àwọ̀ láti inú jíìnì

Ní ọdún 1999, Zhiyuan Gong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìjọba ti Singapore mú jíìnì kan láti ara jellyfish tó ń tàn, wọ́n sì fi sínú ẹyin zebrafish. Ète wọn ni pé kí ẹja náà máa fi ìbàjẹ́ inú omi hàn. Ilé iṣẹ́ Yorktown Technologies ní Texas gba ẹ̀tọ́ láti tà á ní orúkọ GloFish, ó sì dé ọjà Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 2003 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2004. Ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí a tà á.

Ní ti ìyà, GloFish kò rí bíi ẹja alábẹ́rẹ́: wọ́n bí i pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ ni, kò sí ẹni tó gún un, àwọ̀ náà kì í sì í ṣá. Ìbéèrè tirẹ̀ jẹ́ ti odò. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ní Bùràsíìlì ròyìn pé GloFish tó sá kúrò ní oko ẹja ti ń bímọ sínú àwọn odò kéékèèké níbẹ̀. Ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, tí odò rẹ̀ gbóná láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí, gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn.

Ẹja aláwọ̀ ti odò wa

Ohun tó mú ọ̀ràn yìí dùn mí jù ni pé odò gúúsù Nàìjíríà kún fún ẹja tí kò nílò aró ẹnikẹ́ni. Kribensis, *Pelvicachromis pulcher*, jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. George Boulenger ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1901, ó sì ti di ọ̀kan lára ẹja ẹ̀ṣọ́ tí gbogbo ayé fẹ́ràn. Lónìí, oko ẹja ní Éṣíà àti Yúróòpù ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n ń tà ti ń wá.

Ẹ wo abo rẹ̀ ní àkókò tó bá fẹ́ yé ẹyin. Ikùn rẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹni fi osùn pa á. Á tẹ ara rẹ̀ kọdọrọ níwájú akọ, á sì máa gbọ̀n kí akọ lè rí pupa náà dáadáa. Bí wọ́n bá gbà fún ara wọn, wọ́n á jọ wọ inú ihò, wọ́n á yé ẹyin sí i, wọ́n á sì jọ máa ṣọ́ àwọn ọmọ. Kódà, bí kíkan omi ṣe rí nígbà tí àwọn ọmọ ṣì kéré ló ń nípa lórí iye tí yóò di akọ àti iye tí yóò di abo. Àwọ̀ ẹja ní iṣẹ́ tó ń jẹ́. Ó ń sọ fún èkejì pé ara mi le, àkókò mi tó, ibí yìí ni ilé mi. Ẹni tó bá fi aró bo ẹja ti da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ọn lára.

Ibi tí òfin Nàìjíríà dúró sí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òfin wa kò sọ nǹkan kan lórí ẹja. Ó sọ ọ́. Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún ní gúúsù Nàìjíríà, ka ẹyẹ, ẹja àti afàyàfà tó wà ní àhámọ́ mọ́ ẹranko tí òfin ń dáàbò bò, ní abala 494. Abala 495 sì sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn fìyà jẹ irú ẹranko bẹ́ẹ̀, kí ó fún un ní ohun olóró tàbí ohun tó lè pa á lára láìnídìí, tàbí kí ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láìsí ìṣọ́ra àti àánú. Ẹja tó wà nínú àpótí gíláàsì, àhámọ́ ló wà. Abẹ́rẹ́ aró sì bá àpèjúwe òfin náà mu.

Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn 50 náírà ni ìjìyà tó wà nínú òfin náà. Ìtanràn yẹn ti kéré jù láti dẹ́rù ba oníṣòwò kankan. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin tún un ṣe, kí wọ́n sì dárúkọ kíkun ẹranko láàyè ní aró, kí ó má bàa sí àwáwí.

Ohun tí oníbàárà lè ṣe

Ẹja aláró kò ṣòro láti dá mọ̀. Bí ẹ bá rí irú ẹja kan náà nínú àpótí kan, tí ọ̀kan jẹ́ búlúù, tí èkejì jẹ́ àwọ̀ ọsàn, tí ẹ̀kẹta jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ fura. Bí àwọ̀ bá tò ní ìlà lẹ́yìn àti ní ikùn ẹja tí ara rẹ̀ mọ́ gaara, abẹ́rẹ́ ti kàn án. Bí wọ́n bá fi orúkọ súìtì tàbí èso pe ẹja, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ gidi, kí ẹ sì béèrè ibi tí ó ti wá. Ẹni tó ń ta ẹja tó dára kì í bínú sí ìbéèrè.

Ẹni tó bá ti ra ọ̀kan láìmọ̀ kò gbọ́dọ̀ dà á sínú odò. Kí ó tọ́jú rẹ̀ nínú omi tó mọ́ títí ayé rẹ̀ yóò fi pin. Àwọn olùkọ́ ní Ìpetumodù, ní Ilé-Ifẹ̀ àti káàkiri Ọ̀ṣun tó bá fẹ́ gbé àpótí ẹja sí kíláàsì, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí wọ́n wá ẹja odò wa, kí àwọn ọmọ lè rí àwọ̀ tí ẹja fúnra rẹ̀ wọ̀. Ẹ má ṣe ra ẹja tí wọ́n fi aró kùn, ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.